Ìkìlọ̀: láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti bo àléébù RAM rẹ̀ mọ́lẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH tó ń gbé ní Under G, ẹ lajú o. Àwọn kan ń fi RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó ti bàjẹ́ lu èèyàn ní jìbìtì.

Wọn kì í pààrọ̀ RAM náà, wọ́n kàn ń tẹ́ ẹní bo ihò ni. Wọ́n á ṣí msconfig, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń tún bí Windows ṣe ń bẹ̀rẹ̀ tò, wọ́n á lọ sí Boot, Advanced options, wọ́n á wá kọ 4096 (ìyẹn 4 GB) sí Maximum memory lórí ẹ̀rọ 8 GB. Bó bá jẹ́ apá òkè RAM ló bàjẹ́, Windows ò ní fọwọ́ kàn án mọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fi Windows tuntun sí i ni àṣírí á tú: ojú ẹ̀rọ á di búlúù, orúkọ àṣìṣe á sì hàn níbẹ̀, MEMORY_MANAGEMENT lónìí, PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA lọ́la, IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL lọ́tùn-únla. Bí orúkọ bá ń yí padà báyìí, RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bó bá jẹ́ dráífà (ètò tó ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ) kan ṣoṣo ló ń dárúkọ ní gbogbo ìgbà, ó lè má kan RAM rárá.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí Performance, ẹ wo Hardware reserved (iye RAM tí Windows ò lè lò) lábẹ́ Memory. Bí 4 GB tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà níbẹ̀ nínú 8 GB, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ má gbọ́kàn lé C:\Windows\Minidump, ibi tí Windows ń kó àkọsílẹ̀ àṣìṣe ojú búlúù sí, tó bá ṣófo. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi Windows tuntun sí ẹ̀rọ ti nu gbogbo ẹ̀ kúrò.

Memtest86+ ni àyẹ̀wò tó ṣe é gbára lé, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ kọ ọ́ sórí fláàṣì, kẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ látorí ẹ̀. Bó bá kọ̀, ẹ pa Secure Boot (ohun tó ń dènà ètò tí ẹ̀rọ ò fọwọ́ sí) nínú BIOS, ìyẹn ojú ètò tẹ́ ẹ lè ṣí kí Windows tó bẹ̀rẹ̀. Kò gba inú Windows kọjá, nítorí náà msconfig ò lè fi nǹkan kan pamọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kó parí pass (àyẹ̀wò RAM láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin) kan, ó kéré tán. 8 GB lè gbà ju wákàtí kan lọ, ẹ so ẹ̀rọ mọ́ iná torí bátìrì tòkunbọ̀. Ọ̀gá tó bá ní òun ò ráyè dúró, ẹ jọ̀wọ́ ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Àṣìṣe kan péré ti tó láti kọ ọjà náà.

Bẹ́ ẹ bá ṣì fẹ́ mọ ohun tó bàjẹ́, tí RAM sì jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, kẹ́ ẹ tún èyí tó kù dán wò nínú ihò kejì. Àṣìṣe tó bá tẹ̀lé RAM, RAM ló bàjẹ́. Èyí tó bá dúró sínú ihò, bọ́ọ̀dù ni, ẹ má ra irú ẹ̀. Bákan náà ni ti láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ tí wọ́n jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù, bí àṣìṣe bá hàn nínú ẹ̀, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye GB àti nọ́ńbà ara RAM sórí rìsíìtì níwájú yín, torí àwọn mìíràn máa ń yọ èyí tẹ́ ẹ dán wò kí wọ́n tó di ẹ̀rọ náà fún yín.