Kí ni áàpù yìí ń kà gan-an? Ìfiwéra fún ẹni tó fẹ́ sanwó fún áàpù eré ìmárale oní-géèmù

Ní aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ ọjọ́ kan, mo jókòó sétí ibùsùn, mo ń ju fóònù síwá sẹ́yìn bí ẹni tó ń fẹ́ná. Ẹsẹ̀ mi kò kúrò lójú kan. Bí ẹgbẹ̀ta ìṣísẹ̀ ló kù kí áàpù tó gbà pé mo ti ṣe ti ọjọ́ náà, mo sì ti wà ní ọjọ́ kẹtàdínlógójì tí n kò pa ọ̀kankan jẹ. Nọ́ńbà náà ń gòkè lójú mi: 9,412, 9,440, 9,471. Nígbà tó pé 10,000, ìràwọ̀ aláràbarà bo ojú fóònù, mo sì sùn láìlàágùn. Apá ọ̀tún mi nìkan ló ṣe eré ìmárale lọ́jọ́ yẹn.

Áàpù náà kò purọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan wà nínú fóònù tó ń mọ̀ bí fóònù bá ń mì. Ó rí i pé mo ń mì ín, ó sì ka mímì náà sí ìṣísẹ̀. Èmi ni mo jẹ̀bi, nítorí n kò béèrè ohun tó ń kà kí n tó sanwó. Streak (iye ọjọ́ tí ẹ kò pa jẹ), XP (póìǹtì ìrírí), báàjì (àmì ẹ̀yẹ), leaderboard (pátákó ipò): tí ẹ bá ń ka ìpolówó àwọn áàpù yìí, ẹ ó rò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òmíràn ń ka iṣẹ́ tí ara ṣe, òmíràn kàn ń ka iye ìgbà tí ẹ ṣí áàpù. Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

Ìṣísẹ̀ tàbí ìṣẹ́jú?

Ìṣísẹ̀ ló rọrùn jù láti kà, fóònù inú àpò nìkan ti tó, ìdí nìyẹn tí áàpù ọ̀fẹ́ fi máa ń gbé e síwájú. Ṣùgbọ́n 10,000 tí gbogbo ayé ń lé yìí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ dókítà ló ti wá. Ní 1965, ilé-iṣẹ́ Yamasa ní Japan gbé ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ ìbàdí jáde, wọ́n pè é ní manpo-kei, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀. Orúkọ ọjà ni, ó dùn lẹ́nu, ó sì dúró.

Ìṣẹ́jú ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ń sọ tiwọn. Nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020, wọ́n ní kí àgbàlagbà máa ṣe ìṣẹ́jú 150 sí 300 eré ìmárale tó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, tàbí 75 sí 150 èyí tó le, kí ó sì fi iṣẹ́ tó ń fún iṣan lágbára kún un, ọjọ́ méjì ó kéré tán. Áàpù Google Fit àti Fitbit sọ èyí di géèmù. Heart Points ni ti Google Fit, Active Zone Minutes ni ti Fitbit, ìṣirò wọn sì fara jọra: ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi ṣe èyí tó mọ níwọ̀n jẹ́ póìǹtì kan, ìṣẹ́jú kan tí ẹ fi ṣe èyí tó le jẹ́ méjì, 150 sì ni wọ́n ń retí lọ́sẹ̀. Apple Watch ní tirẹ̀ pín in sí òrùka mẹ́ta: pupa fún kálórì tí ẹ jó bí ẹ ṣe ń rìn tí ẹ ń ṣiṣẹ́, aláwọ̀ ewé fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú eré ìmárale, búlúù fún dídìde. Òrùka búlúù yìí fẹ́ kí ẹ dìde, kí ẹ sì rìn fún ìṣẹ́jú kan, nínú wákàtí méjìlá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójúmọ́.

Ìṣẹ́jú ni èmi fara mọ́. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́, tó ń lúwẹ̀ẹ́, tàbí tó ń gbé irin, ìṣísẹ̀ kò lè ròyìn iṣẹ́ rẹ̀. Àmọ́ kí áàpù tó mọ bí ọkàn yín ṣe ń lù, ẹ ó nílò smartwatch tàbí bẹ́líìtì àyà, owó mìíràn nìyẹn. Ẹ sì mọ̀ pé ìfojúdíwọ̀n ni ohun tí wọ́n ń pè ní zone, ìyẹn bí eré ti le tó fún ọkàn: ọ̀pọ̀ áàpù máa ń yọ ọjọ́ orí yín kúrò nínú 220, wọn á ní ibẹ̀ ni lílù ọkàn yín mọ. Fún ẹni ogójì ọdún, 180 nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọkàn ẹni ogójì ọdún méjì kì í dọ́gba. Tí aago bá ní eré yín ti le gan-an, tí ẹ sì ń kọrin lọ láìmí hẹlẹhẹlẹ, ọ̀fun yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Eré tó mọ níwọ̀n, ẹ lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ kò lè kọrin. Èyí tó le, ọ̀rọ̀ mélòó kan lẹ máa sọ kí ẹ tó mí.

Kálórì? Ìfojúdíwọ̀n lórí ìfojúdíwọ̀n ni. Ẹ má torí ẹ̀ ra áàpù kankan.

XP, owó inú géèmù, ìpele

XP ni póìǹtì ìrírí. Ó máa ń gòkè ni, ẹ kò lè ná an, kì í sì í sábà wálẹ̀. Owó inú géèmù, ní tirẹ̀, ẹ lè ná an. Áàpù mélòó kan máa ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra kí ó baà lè dàrú mọ́ yín lójú. Nínú Zwift, géèmù kẹ̀kẹ́ tí ẹ ń gùn nínú ilé, wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ dáadáa: XP ló ń gbé yín láti ìpele kan dé èkejì, Drops sì ni owó tí ẹ fi ń ra kẹ̀kẹ́ àti táyà inú géèmù. Fífi ẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ gidi ló ń mú méjèèjì wá.

Ìbéèrè tí mo máa ń bi áàpù tuntun rèé: bí mo bá jókòó tí mo ń wo ìpolówó, ṣé màá rí póìǹtì? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, àwọn tó ń polówó ni áàpù náà ń ṣiṣẹ́ fún.

Ìpele pàápàá, oríṣi méjì ni. Ọ̀kan ń sọ bí ẹ ti pẹ́ tó nínú géèmù. Èkejì ń sọ bí eré náà ti le tó fún ara. Ring Fit Adventure, tí Nintendo gbé jáde fún Switch ní 2019, ní méjèèjì, wọn kò sì da wọ́n pọ̀. Òrùka Ring-Con ni ẹ ó mú lọ́wọ́, ẹ ó so okùn kan mọ́ itan. Tí ọ̀tá bá dìde sí yín, kò sí bọ́tìnnì tó lè pa á. Ẹ gbọ́dọ̀ lóṣòó, kí ẹ dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹ dìde, kí ẹ tún lóṣòó. Tí ẹ bá lóṣòó jìnnà, ìkọlù yín á dun ọ̀tá. Tí ẹ bá kàn tẹ orúnkún díẹ̀, géèmù náà máa rí i. Ẹni tó ti dé ìpele 50 nínú ìtàn géèmù náà lè fi ìwọ̀n líle rẹ̀ sí 10 nínú 30, torí orúnkún rẹ̀ ló mọ ohun tó lè gbé. Ohun tí mo ń wá nìyẹn nínú áàpù èyíkéyìí: kí n lè dín líle kù láìpàdánù ipò mi nínú géèmù.

Streak: ojoojúmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀sẹ̀

Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀ jù, torí ibí ni wọ́n ti ń mú èèyàn.

Streak ni iye ọjọ́ tí ẹ ti ṣe nǹkan láìpa ọ̀kan jẹ. Agbára rẹ̀ kò sí nínú èrè tó ń fún yín. Ẹ̀rù kí ó má baà já ni agbára rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta já, kò sẹ́ni tó bìkítà. Igba ọjọ́ já, ó dà bíi pé ẹ pàdánù ohun ìní. Mo mọ ẹni tó fi ibà sáré torí kí streak rẹ̀ má baà já, ó sì dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀. Streak náà já náà ni.

Ara kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ẹ ń sinmi ni iṣan ń tún ara rẹ̀ ṣe, ó sì ń lágbára sí i. Áàpù tó bá ka ọjọ́ ìsinmi sí ọjọ́ tí ẹ pa jẹ kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yanjú rẹ̀ yàtọ̀ síra, ibi tí ó sì yẹ kí ẹ ti fi wọ́n wéra nìyẹn.

Àkọ́kọ́, streak ọ̀sẹ̀. Strava, áàpù àwọn tó ń sáré àti àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́, ń ka tirẹ̀ ní ọ̀sẹ̀: tí ẹ bá ti ṣe nǹkan lẹ́ẹ̀kan nínú ọ̀sẹ̀, kò já. Èyí ló bá ara mu jù lójú mi. Èkejì, dídá a dúró. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, òrùka Apple Watch kò mọ̀ bóyá ẹ ń ṣàìsàn. Ìgbà tí watchOS 11, ètò tó ń darí aago náà, dé ní 2024 ni wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn dá a dúró láìjẹ́ kí streak já. Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo kórìíra: wọ́n máa ta ààbò fún yín. Wọ́n á ní: "Streak yín já lánàá, ẹ san owó díẹ̀ ká bá yín so ó padà." Áàpù tó bá ń ta ìsopọ̀ streak mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín, ó sì ti fi iye lé ẹ̀rù náà.

Leaderboard: ta ló yára jù, àbí ta ló wá jù?

Leaderboard ni pátákó tó ń to orúkọ láti ẹni kìíní sí ìkẹyìn. Ó dùn fún ẹni kìíní dé ìkẹwàá. Ẹni tó wà ní ipò 4,318 ńkọ́? Strava dáhùn ìbéèrè yìí lọ́nà tó wù mí. Wọ́n pín ọ̀nà sí segment, ìyẹn apá ọ̀nà kéékèèké, ẹni tó gba ibẹ̀ kíákíá jù ló ń gba adé; lórí kẹ̀kẹ́, KOM (King of the Mountain) ni fún ọkùnrin, QOM (Queen of the Mountain) fún obìnrin. Ní 2020, wọ́n wá fi Local Legend kún un: ẹni tó gba ọ̀nà náà jù láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́ ló ń gbà á, ì báà máa wọ́ ẹsẹ̀. Ọ̀nà kan náà, oríṣi iyì méjì. Ẹni tí kò lè yára lè máa wá. Àmọ́ ọdún 2020 yẹn náà ni wọ́n kó leaderboard segment lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́ sẹ́yìn ìsanwó, nítorí náà ẹ wo ohun tó ṣẹ́kù nínú ọ̀fẹ́ kí ẹ tó gbọ́kàn lé e.

Pátákó tí gbogbo ènìyàn ń rí tún túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn ń rí ọ̀nà yín. Ní January 2018, àwọn ènìyàn ṣàkíyèsí pé máàpù tí Strava fi ìrìn àwọn oníbàárà rẹ̀ yà ń fi ibùdó àwọn ológun hàn kedere, torí pé àwọn ọmọ ogun ń sáré yíká ibẹ̀ pẹ̀lú áàpù ní títàn. Tó bá lè ṣẹlẹ̀ sí ológun, ẹ lọ inú sẹ́tíǹgì kí ẹ fi ibi tí ilé yín wà pamọ́ kí ẹ tó sáré àkọ́kọ́.

Ìtàn àti ẹyin

Àwọn kan kò fẹ́ pátákó rárá, ìtàn ni wọ́n fẹ́. Zombies, Run! ti wà láti 2012: ẹ fi gbohùngbohùn sétí, ẹ ń sáré, wọ́n ń sọ ìtàn fún yín, òkú tó ń rìn á sì máa lé yín lójijì kí ẹ lè yára sí i fún ìgbà díẹ̀. Mission ni wọ́n ń pe sáré kọ̀ọ̀kan. Pokémon GO, géèmù fóònù tí ẹ fi ń rìn kiri mú ẹranko àròsọ, tó dé ní 2016, lo ẹyin: òmíràn máa pa lẹ́yìn ìrìn kìlómítà 2, òmíràn 5, òmíràn 10. Ó dára fún ẹni tó fẹ́ kúrò lórí àga. Ẹni tó fẹ́ lágbára, ìrìn ẹyin kò tó o.

Báàjì àti àwòrán ara ẹni inú géèmù, ọ̀ṣọ́ ni wọ́n. Tó bá wù yín, ó wù yín.

Ọ̀fẹ́, àtọ́wò, àti "títí láé"

Ọ̀fẹ́ sábà máa ń túmọ̀ sí pé ẹnu ọ̀nà ni ọ̀fẹ́. Àtọ́wò ọjọ́ méje túmọ̀ sí pé wọ́n máa fa owó lọ́jọ́ kẹjọ tí ẹ kò bá sọ pé rárá. Mo ti pa áàpù kan rẹ́ lórí fóònù mi lọ́jọ́ kẹfà, ọkàn mi balẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo fi sanwó fún ohun tí kò sí lórí fóònù mọ́. Pípa áàpù rẹ́ kò dá ìsanwó dúró. Inú App Store tàbí Google Play ni ẹ ó lọ, níbi tí wọ́n to àwọn ìsanwó yín sí, kí ẹ fagi lé e. Ti Apple, ẹ ṣe é ó kéré tán wákàtí mẹ́rìnlélógún kí àtọ́wò tó parí. "Títí láé" sì ni títí áàpù náà bá fi wà.

Ẹ ka ohun èlò mọ́ owó náà. Ring Fit kò ṣiṣẹ́ láìsí Switch. Zwift fẹ́ kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀rọ tó ń gbé e dúró; àwọn kan nínú ẹ̀rọ náà máa ń le sí i bí ẹ bá dé òkè inú géèmù.

Ohun mẹ́ta ni mo ń ṣe báyìí nínú àtọ́wò. Mo máa jókòó, màá mi fóònù fún ìṣẹ́jú méjì, màá wo iye tó kà. Mo máa lóṣòó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, màá wo bóyá ó mọ̀ rárá. Lọ́jọ́ kẹta, màá mọ̀ọ́mọ̀ pa á jẹ, kí n lè ka ohun tó máa kọ sí mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀kan kọ pé òun ń sunkún nítorí mi, ó ya ẹyẹ kan tí omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Òmíràn fẹ́ ta ààbò streak fún mi. Èyí tí mo wá sanwó fún kọ gbólóhùn kan péré: "Ìṣẹ́jú 90 ló kù nínú ọ̀sẹ̀ yìí, ọjọ́ mẹ́rin ṣì wà."