Àpótí kámẹ́rà abẹ́ omi yìí: rọ́bà kan ló fa gbogbo ọ̀rọ̀

Mítà mẹ́ta péré la tíì wọ̀ tí iná pupa inú àpótí, èyí tó ń kìlọ̀ pé omi ti wọlé, fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Àpótí tí wọ́n ní ó lè dé mítà 40! Ìgbà kẹfà tó wọ omi nìyẹn, ìgbà márùn-ún àkọ́kọ́ ò sì mú ẹ̀kán omi kan wọlé. Bí iná yẹn bá tàn, ẹ kọjú dígí iwájú sísàlẹ̀ kí omi lè ṣàn síbẹ̀ dípò ara bátìrì, kí ẹ sì gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹ ṣe máa ń gòkè. Kò sí kámẹ́rà tó tó ohun tí òmòòkùn ń torí rẹ̀ sáré gòkè.

Kámẹ́rà yè, ṣùgbọ́n inú bí mi gidigidi.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ rò pé ìsàlẹ̀ ló léwu jù. Rárá o. Rọ́bà roboto etí ìlẹ̀kùn àpótí ló ń dí omi; bí kò bá jókòó dáadáa, òkè omi gan-an ló ti máa ń jò, torí bí a ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ni omi ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ rọ́bà. Ní mítà 10, agbára tí omi àti afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ jọ fi ń tẹ nǹkan ti di ìlọ́po méjì ti ojú omi.

Mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ dáhùn ò ka ohun tí mo kọ. "Ẹ fọ rọ́bà náà, ẹ fi gíríìsì pa á, ẹ tún un dán wò." Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó jò nínú garawa omi lásán. Mo tún kọ̀wé. Èsì kan náà ló padà wá, pẹ̀lú àṣìkọ kan náà nínú rẹ̀. Wọ́n wá fi kún un pé irun tàbí iyanrìn ló máa wà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé irun kan ṣoṣo tó láti jẹ́ kí omi wọlé, ṣùgbọ́n mo ti fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ wò yípo.

Ìgbà kẹta, obìnrin kan tó ń tún àpótí ṣe ló dáhùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló bi mí. Irú gíríìsì wo lẹ lò? Àwọ̀ wo ni rọ́bà yín? Bí ẹ bá tẹ́ rọ́bà sínú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ láì tẹ̀ ẹ́, ṣé ó jókòó, àbí ó gùn jù? Ó gùn jù, apá kan dìde bí ejò. Ó ní, "Ó ti wú nìyẹn. Sílíkóònù ni rọ́bà yín, gíríìsì sílíkóònù tẹ́ ẹ rà níbòmíràn sì ti wọ inú rẹ̀. Ìlẹ̀kùn wá ń fún un létí." Ó fi rọ́bà tuntun méjì àti gíríìsì tiwọn ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Irú òṣìṣẹ́ báyìí ṣọ̀wọ́n.

Ìwé ìlò kàn sọ pé "gíríìsì wa nìkan ni kí ẹ lò", kò sọ ìdí. Ta ni kò ní rò pé ọjà ni wọ́n ń tà?

Bí obìnrin náà ṣe ní kí n máa ṣe é rèé. Ẹ fi ìka méjì fún rọ́bà pọ̀ kó yọ sókè. Ẹ má fi irin yọ ọ́. Gíríìsì tó tó ìdajì hóró ìrẹsì ti tó. Ẹ fi ìka fà á yípo títí rọ́bà yóò fi dán láìsí ibi tí gíríìsì dì sí. Rọ́bà ló ń dí omi, gíríìsì kàn ń jẹ́ kó yọ̀ jókòó ni, àpọ̀jù rẹ̀ sì ń fa iyanrìn mọ́ra. Lẹ́yìn náà, ẹ ti àpótí òfìfo tó ní bébà ìnuwọ́ nínú bọ omi, kí kámẹ́rà tó wọ ibẹ̀.

Bọ́tìnì rẹ̀ dára, ìbọ̀wọ́ nípọn ò dí wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fọ́tò ìpolówó wọn ń ṣini lọ́nà. Àwọ̀ pupa ni omi máa ń kọ́kọ́ gbé mì. Ní mítà 10, ohun pupa á ti ṣú, àfi kí ẹ gbé iná lọ. Fláàṣì ara kámẹ́rà ò sì tó, torí ìdọ̀tí tó ń léfòó níwájú dígí ló máa ń tàn sí, fọ́tò á kún fún àmì funfun. Fláàṣì ìta, tí apá rẹ̀ nà jìnnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ dígí, ni ojútùú. Àpótí yìí ní ojú ibi tí okùn fláàṣì ìta ń wọ̀, mo dúpẹ́. Ẹ sún mọ́ ẹja tí ẹ fẹ́ yà pẹ̀lú, kó má ju mítà kan lọ.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Síbẹ̀, èsì kejì tí wọ́n kọ sí mi yẹn ṣì ń bí mi nínú.