Àwọn dírámà ọkọ yan àlè, ilé tú ká: èwo ló tó wò, èwo lẹ lè fò kọjá

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ kí ẹ má baà fi dátà yín ṣòfò. Nínú gbogbo dírámà ọkọ yan àlè, aya yan àlè, tí mo ti wò, The World of the Married ti àwọn ará Korea ló gba ipò kìíní lọ́wọ́ mi, Thunderbolt: Magun tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2001 ló tẹ̀lé e. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ní kí ló pa Korea pọ̀ mọ́ màgùn, ẹ fara balẹ̀, mò ń bọ̀ níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù irun ni mo ní nítòsí Ọjà Ọba l'Ákúrẹ́ níbí. Ẹni tó bá wá dirun wẹ́wẹ́ máa jókòó títí ìdí á fi máa dùn ún, kò dẹ̀ sí nǹkan táwọn kọ́sítọ́mà mi fẹ́ràn tó kí n tan dírámà tí ọkọ ti ń purọ́ fún ìyàwó, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á wá máa dá sí i, "Àǹtí, ẹ wò ó, ẹ wojú ẹ̀, irọ́ ló ń pa yẹn!", àwọn ìyá tó wá fọ irun gan-an á gbórí kúrò nínú omi kí wọ́n lè ráyè wò ó. Torí náà mo ti gbọ́ ohun tí oríṣiríṣi obìnrin ń sọ nípa irú fíìmù yìí, àwọn tó wà nílé ọkọ, àwọn tó ti kẹ́rù jáde, àwọn ọmọ FUTA, yunifásítì tó wà l'Ákúrẹ́ níbí, tí wọn ò tíì rí nǹkan kan.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń wá nínú ẹ̀: ṣé ẹni tó kọ ọ́ rántí pé àwọn èèyàn míì ń gbé inú ilé yẹn? Pé ọkọ yan àlè, ìyẹn ò le láti yà ní fíìmù, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìyàwó ṣílẹ̀kùn lójijì, ó ti parí. Ọmọ tó ń gbọ́ ariwo láti yàrá kejì ńkọ́? Ìyá ọkọ tó ti mọ̀ látọjọ́ yìí tó panu mọ́ ńkọ́? Owó ilé ìwé ńkọ́, ta ló ni ilé tí wọ́n ń gbé gan-an? Fíìmù tí ò bá dá mi lóhùn lórí ìwọ̀nyí, kó tiẹ̀ dùn bí ó ṣe fẹ́, mi ò ní pe ẹnikẹ́ni kó wá wò ó.

The World of the Married dá mi lóhùn lórí gbogbo ẹ̀. Ẹpisódù 16 ni, 2020 ló jáde. Ji Sun-woo ni obìnrin yẹn ń jẹ́, dókítà ni, ó nípò ní ọsibítù tó ti ń ṣiṣẹ́, Kim Hee-ae ló ṣe é. Irun gígùn kan ló rí lára ìborùn ọkọ ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, ó wá rí fóònù kejì tí ọkọ ń fi pa mọ́, fọ́tò ló wà níbẹ̀, kì í dẹ̀ ṣe ti ọkọ àti àlè nìkan, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń jẹ jọ ń mu, tí wọ́n ń wọlé sí i tí wọ́n ń bá ọmọ ẹ̀ ṣeré, gbogbo wọn ló ti mọ̀, gbogbo wọn ló ti bá àlè yẹn ròde, òun nìkan ni ò mọ̀. Ọjọ́ tí mo tan ibẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Nítorí ìyẹn gan-an ló máa ń dunni jù, kì í ṣe ti ọkùnrin yẹn fúnra ẹ̀, ti àwọn tó ń rẹ́rìn-ín sí ẹ lójú tí wọ́n dẹ̀ mọ̀.

Lẹ́yìn ẹ̀ ló kan owó. Ọkọ yìí, Lee Tae-oh, ti fi ilé àti owó wọn wọ gbèsè kí ìyàwó tó fura. Torí náà Sun-woo ò kàn sunkún, lọ́yà ló lọ rí, ọ̀rọ̀ ilé àti ọmọ ló ń rò, báwo ni ọmọ ṣe máa wà lọ́dọ̀ òun, kí ni òun máa fi hàn ní kóòtù. Ọmọkùnrin wọn, Joon-young, kò bá ìyá ẹ̀ ṣe o! Ó ń bínú sí ìyá ẹ̀ pé kí ló dé tí kò lè forí ji bàbá òun kí ilé má tú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti bímọ, ẹ mọ bọ́rọ̀ yẹn ṣe máa ń gún èèyàn. Nígbà tó yá ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jí nǹkan àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ nílé ìwé, kò dẹ̀ sí àgbàlagbà kankan nínú ìjà yẹn tó tètè rí i, torí pé olúkúlùkù ń wá bó ṣe máa borí ẹnì kejì. Mi ò ní sọ ìparí ẹ̀ fún yín. Ohun tí mo máa sọ ni pé ìyá yẹn náà jẹ̀bi láwọn ibì kan, wọ́n dẹ̀ fi hàn kedere, wọn ò sọ ọ́ di áńgẹ́lì torí pé ọkọ ẹ̀ dà á.

Gbólóhùn kan wà tí ọkọ yẹn sọ nígbà tí wọ́n ká a mọ́, ó ní òun kàn nífẹ̀ẹ́ ẹlòmíì ni, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe pariwo nínú ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ yẹn, àfi bíi pé ibẹ̀ ló dúró sí. Ohun tó mú kọ́rọ̀ yẹn le sí i ni pé ní Korea lóòótọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn ni àgbèrè láti 1953, èèyàn lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 2 nítorí ẹ̀, inú oṣù Kejì 2015 ni ilé ẹjọ́ wọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwé òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òfin yẹn rẹ́. Ọdún márùn-ún péré lẹ́yìn ẹ̀ ni dírámà yìí jáde, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìlú jókòó tì í, nígbà tó fi máa parí, iye ilé tó ń wò ó ti kọjá ìdá 28 nínú 100, kò sí dírámà orí cable kankan lọ́dọ̀ wọn tó débẹ̀ ṣáájú ẹ̀.

Ó ní àléébù o. Ní ẹpisódù 8, ẹnì kan já wọ ilé Sun-woo, ó lù ú, wọ́n dẹ̀ gbé kámẹ́rà sójú ẹni tó ń lù ú, bíi pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wò ó lẹ̀ ń na obìnrin. Àwọn ará Korea gan-an fẹjọ́ sùn nípa ẹ̀. Mo máa ń fò ó kọjá ni, mi ò lè fi irú ẹ̀ síwájú obìnrin tó jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi torí mi ò mọ ohun tójú ẹ̀ ti rí nílé.

Àwọn tí ò fẹ́ Korea lè wo Doctor Foster ti BBC, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú ìtàn yẹn, 2015 àti 2017, ẹpisódù márùn-ún márùn-ún. Ó dáa, ìtàn ẹ̀ ń yára, Suranne Jones mọ iṣẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ẹbí ò pọ̀ nínú ẹ̀ tó ti Korea, ti Korea sún mọ́ tiwa jù, àwọn ìyá ọkọ wà níbẹ̀, bàbá àlè wà níbẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń sọ ọ́.

Ó kan tiwa tí wọ́n ń gbé sórí YouTube. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ràn wọn, mi ò sọ pé mi ò fẹ́ràn wọn. Ibi tí àwọn àgbà bá ti jókòó láti parí ìjà tọkọtaya, tí bàbá kan wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tó fi òwe gún ọmọ ẹ̀ lójú araalé ìyàwó, kò sí Òyìnbó tó lè kọ irú ẹ̀. Àwọn òṣèré wa mọ bí wọ́n ṣe ń jà lẹ́nu, èébú gan-an dùn létí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọkùnrin kì í jẹ̀bi láéláé. Á ṣèṣekúṣe fún wákàtí kan, ìyàwó á sunkún, ọmọ á kúrò nílé ìwé, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wòlíì á wá ríran pé wọ́n fi nǹkan mú un ni, ọ̀rẹ́bìnrin yẹn ló gbé e lọ sọ́dọ̀ babaláwo, ọkùnrin á ṣubú lulẹ̀, ojú ẹ̀ á là, ìyàwó á dì mọ́ ọn, ó tán. Tó bá wá jẹ́ pé obìnrin ló yan àlè, kò sí wòlíì tó máa ríran fún un, wèrè ló máa ya wọ ọjà tàbí kó kú. Ìyẹn ò dáa. Mo ń sọ ọ́ tọkàntọkàn, kò dáa, torí àwọn ọmọbìnrin kéékèèké ń wò ó wọ́n dẹ̀ gbà á gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í fi kóòtù hàn. Òfin ìgbéyàwó wa, Matrimonial Causes Act ti 1970, kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ẹnì kan bá ṣe àgbèrè tí ẹnì kejì ò dẹ̀ lè bá a gbé mọ́, ó tó ìdí láti ní kí kóòtù gíga tú u ká. Àwọn tó fẹ́ra nílànà ìbílẹ̀ náà ní kóòtù tiwọn. Ẹni tó bá ti jókòó ní kóòtù ìbílẹ̀ l'Ákúrẹ́ níbí mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì lọ, oúnjẹ ọmọ ni, owó ilé ìwé ni, ta ló máa kó jáde ni. Ẹ dẹ̀ wò ó, ìpínlẹ̀ kòkó la wà! Bàbá á kú, ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ọmọ ìta máa yọjú pẹ̀lú ìyá wọn, ìyàwó ilé ò mọ̀ wọ́n rí, wọ́n dẹ̀ ń béèrè oko kòkó tó wà l'Ídànrè. Ìtàn yẹn wà nílẹ̀ ní gbogbo àdúgbò, mo ń dúró de ẹni tó máa ya á dáadáa láìfi òògùn kankan sí i.

Magun ni mo fẹ́ sọ báyìí, torí òun ló yí ọ̀rọ̀ òògùn yìí padà. Adébáyọ̀ Fálétí ló ni ìtàn yẹn. Ngozi, ọmọ Ìgbò, fẹ́ Yínká tó jẹ́ Yorùbá, àwọn èèyàn wá ń sọ ọ̀rọ̀ sí ọkọ létí pé ìyàwó ẹ̀ ń rìn níta, láìsí ẹ̀rí kankan, ó gbà wọ́n gbọ́, ó fi màgùn sí i lára. Ẹ̀yin náà rí i? Nínú fíìmù yìí ọkọ ló fi nǹkan mú ìyàwó, ìyàwó ò dẹ̀ ṣe nǹkan kan. Màgùn tí gbogbo wa mọ̀, tó máa ń mú ọkùnrin tàkìtì tàbí kó kọ bí àkùkọ, ibi tí wọ́n gbà yọ sí wa níbẹ̀ ni pé tí wọn ò bá tètè wá nǹkan ṣe, Ngozi fúnra ẹ̀ ló máa kú. Ọ̀nà tí wọ́n gbà wò ó sàn, tí dókítà òyìnbó àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn, ẹ lọ wò ó fúnra yín, àwọn kọ́sítọ́mà mi ṣì ń jà lórí ẹ̀. Mo ti rí àwọn obìnrin tí ìfura nìkan tú ilé wọn, láìsí àlè kankan níbì kankan, àfi Magun ni mo rí tó fi gbogbo fíìmù sọ ìyẹn. Àwòrán ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀, ohùn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ́ bíi tòní, ẹ fara dà á.

Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan, tó wà lórí Netflix láti 2022, gbogbo èèyàn ń sọ ti ẹyẹ tó jí òkú dìde, wọ́n gbàgbé pé dírámà àgbèrè ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àrólákẹ́ jẹ́ ìyàwó kékeré ọba, àwọn ìyálé ń yọ ọ́ lẹ́nu, Sàró tó ń hun aṣọ wá gba ọkàn ẹ̀. Bimbo Ademoye ṣe é débi pé mi ò lè dá a lẹ́bi. Ó sá kúrò láàfin tìtorí ọkùnrin yìí, ọkùnrin yìí wá di olówó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìyàwó jọ lé e lórí. Ìrora tó wà lójú Àrólákẹ́ lápá ìkẹyìn yẹn ló jẹ́ kí n fún un ní máàkì gidi. Àròyé mi ni pé inú ààfin tí àwọn ìyàwó ọba jọ ń gbé, wọn ò jẹ́ ká pẹ́ níbẹ̀ tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń wo èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, àwọn ìran bẹ́ẹ̀dì wà nínú Aníkúlápó àti ti Korea. NFVCB tó ń yẹ fíìmù wò lórílẹ̀-èdè wa ní nọ́ńbà 18 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ irú ẹ̀, ẹ máa wò ó. Lórí Netflix ẹ lè fi PIN ti púrófáìlì yín. Tèmi, tí ìyá kan bá ti gbọ́mọ wọ ṣọ́ọ̀bù, mo máa yí i sí nǹkan míì, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Ó ku The Affair ti Amẹ́ríkà, 2014 ló bẹ̀rẹ̀, sísìn (season) márùn-ún, òun ni kí ẹ dáàbò bo ojú ọmọ sí jù. Ohun tó ṣe tí mo gba tiẹ̀ ni pé wọ́n pín ẹpisódù sí méjì, ìdajì bí ọkùnrin ṣe rántí ẹ̀, ìdajì bí obìnrin ṣe rántí ẹ̀, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an máa ń yàtọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ bá ẹnì kejì sọ̀rọ̀ máa ń yàtọ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí náà nìyẹn tẹ́ ẹ bá pe tọkọtaya kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Sísìn 1 àti 2 dùn gan-an. Lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ń fà á bíi ẹni tí ò fẹ́ lọlé, Ruth Wilson tó ṣe àlè yẹn dẹ̀ kúrò lẹ́yìn sísìn 4, ẹ lè dúró síbẹ̀. Èmi ò dúró, torí Helen, ìyàwó tí ọkọ fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀ fún, Maura Tierney ló ṣe é, mo fẹ́ mọ ibi tó máa já sí.