Ibùdó Ìgbaradì fún Iṣẹ́ Ẹ̀rọ kan ní Sáńgo, Ìbàdàn

Ọ̀pọ̀ ibùdó ẹ̀kọ́ àfikún ní Ìbàdàn ni kò kọ́ ọmọ ní ohun mìíràn ju bí yóò ṣe yege nínú ìdánwò JAMB lọ. Ìbéèrè àtẹ̀yìnwá ni wọ́n ń gbé fún wọn, tí àwọn ọmọ yóò sì máa há ìdáhùn sórí. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tí kò jìnnà sí Pólì Ìbàdàn, yàtọ̀ sí wọn. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní girama, tí wọ́n fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, iṣẹ́ iná mànàmáná tàbí iṣẹ́ ilé kíkọ́, ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn tí ó ṣe WAEC tán, kí ó tó wọlé fún ND, ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ní Pólì, nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ iná. Èmi ni mo san owó rẹ̀, mo sì máa ń yà wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ wọn.

Ẹ̀kọ́ àwòrán iṣẹ́ ẹ̀rọ, tí àwọn ọmọ ń pè ní TD, ni mo gbóríyìn fún jù lọ. Ní 2011 ni ìlànà ẹ̀kọ́ ìjọba ní kí akẹ́kọ̀ọ́ girama àgbà máa kọ́ ó kéré tán iṣẹ́ ọwọ́ kan nínú 34 tí wọ́n tò kalẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ìwé ni kò ní olùkọ́ tàbí irinṣẹ́ tí wọn yóò fi ṣe é, orí ìwé ni ó sì ń parí sí. Ọmọ tí kò fọwọ́ kan T-square (rúlà onírísí T tí a fi ń yàwòrán) rí yóò dé ọdún kìíní Pólì, wọn yóò ní kí ó ya irin kan bí ó ṣe rí láti iwájú, láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́, kò sì ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ibùdó yìí, ọmọ kọ̀ọ̀kan ni ó ní pátákó ìyàwòrán tirẹ̀. Olùkọ́ wọn ṣàlàyé fún wọn ìdí tí pẹ́ńsù 2H fi yẹ fún ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a fi ń bẹ̀rẹ̀, tí HB sì wà fún ìlà tí a fẹ́ kí ó hàn gbangba. Nígbà tí wọ́n dé orí isometric, ìyẹn àwòrán tí ó ń fi ojú mẹ́ta nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbé igi tí wọ́n gbẹ́ ihò sí lára fún wọn, ó ní kí oníkálukú yí i wò dáadáa kí ó tó gbé set square (rúlà onígun mẹ́ta) lé ìwé láti ya ìlà oní-30 dígírì. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀nà méjì tí a ń gbà to àwòrán sórí ìwé hàn wọ́n: nínú first angle, àwòrán òkè máa ń wà nísàlẹ̀ àwòrán iwájú, àmọ́ nínú third angle, òkè rẹ̀ ni ó máa ń wà.

Ẹ̀kọ́ fisíìsì náà kò dá dúró lọ́tọ̀ sí iṣẹ́. Inú ìṣirò òfin Ohm, tí ó so agbára iná, ìṣàn rẹ̀ àti ìdènà rẹ̀ pọ̀, ni wọ́n ti kọ́ ìdí tí àwọn oníná fi sábà máa ń fi wáyà 1.5 mm² ṣe ti gílóòbù, tí wọ́n sì ń lo 2.5 mm² tí ó nípọn jù ú lọ fún sọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ń kọ́ wọn ní JAMB pẹ̀lú, lórí kọ̀ǹpútà, 180 ìbéèrè láàárín wákàtí méjì.

Inú mi dùn sí òtítọ́ tí wọ́n sọ fún àwa òbí. Wọ́n là á yé wa pé ọdún méjì ni ND, ó kéré tán ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ni ó máa ń tẹ̀ lé e, kí ọdún méjì ti HND, ìwé ẹ̀rí gíga ní Pólì, tó kàn, àti pé ọ̀pọ̀ agbanisíṣẹ́ ṣì ń fi HND sẹ́yìn ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Kò dára kí ọmọ dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó gbọ́ èyí.

Ibi tí wọ́n kù sí ni yàrá iṣẹ́. Mítà kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń wọn iná ni gbogbo kíláàsì ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́, ìwòran lásán sì ni iṣẹ́ wẹ́dà. Èyí tí ó bí mi nínú jù ni pé awò ìdáàbòbò ojú kò kárí àwọn ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n dúró sí tòsí ibi tí iná ti ń ta pàrà. Ojú ọmọ kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Wọn kò sì sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé owó irinṣẹ́ ìyàwòrán kò sí nínú owó tí a san.

Síbẹ̀, bí ọmọ mìíràn nínú ẹbí wa bá fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ibẹ̀ ni màá tún mú un lọ, èmi fúnra mi ni màá sì ra awò tí yóò lò. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ kọ́ ìṣirò owó tàbí iṣẹ́ ìròyìn ní Pólì kò ní rí ohun tí ó ń wá níbẹ̀.