Spacer Pẹlẹbẹ àbí Spacer Oníbóòtù: Èwo Ló Yẹ Ẹsẹ̀ Mọ́tò Yín?

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún ẹni tó bá fẹ́ kí táyà mọ́tò rẹ̀ jáde dé ẹnu fẹ́ńdà, kó má sá wọnú mọ́. Ó lè ra spacer pẹlẹbẹ, ìyẹn irin roboto tí ń gba àárín rímù àti họ́ọ̀bù (ibi tí wọ́n ń de rímù mọ́ lára mọ́tò), tí wọ́n kàn ń ki bọ bóòtù họ́ọ̀bù kí wọ́n tó gbé rímù lé e. Ó lè ra spacer oníbóòtù, tí wọ́n ń fi nọ́ọ̀tì tirẹ̀ dè mọ́ họ́ọ̀bù, tí rímù á sì wá jókòó sórí bóòtù ara spacer náà. Ó sì lè ra rímù mìíràn tí offset rẹ̀ (bí ojú tí rímù fi ń kan họ́ọ̀bù ṣe jìnnà sí àárín ìbú rímù tó) kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo ti lo méjì àkọ́kọ́ lórí mọ́tò kan náà, orí wọn ni ọ̀rọ̀ mi máa pọ̀ sí.

Ẹ kọ́kọ́ ṣírò bí ẹ ṣe fẹ́ kó jáde tó. Bí wọ́n bá kọ ET45 sára rímù (offset mìlímítà 45 nìyẹn), tí ẹ wá fi spacer mìlímítà 15 sẹ́yìn rẹ̀, ó di ET30 nìyẹn. Ẹ so nǹkan wúwo mọ́ ìdí okùn, ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti etí fẹ́ńdà, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàárín okùn àti ara táyà. Èmi máa ń yọ mìlímítà 5 kúrò nínú ohun tí mo bá rí, nítorí ọjọ́ tí èrò bá kún ẹ̀yìn mọ́tò. Iwájú ni kí ẹ ṣọ́ jù, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì.

Ihò àárín ló jẹ mí lówó. Bí wọ́n bá tú táyà sílẹ̀, ẹ wo àárín họ́ọ̀bù, ẹ ó rí orí roboto kan tó yọ síta díẹ̀. Orí yẹn ni ihò àárín rímù máa ń gbá mú. Òun ló ń gbé rímù sí àárín gbùngbùn, nọ́ọ̀tì kàn ń fún un mọ́ ibẹ̀ ni. Ìwọ̀n rẹ̀ yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò: mìlímítà 60.1 lára ọ̀pọ̀ Toyota, 64.1 lára ọ̀pọ̀ Honda, 72.6 lára ọ̀pọ̀ BMW. Orí náà kò gùn rárá, lára ọ̀pọ̀ mọ́tò kò ju nǹkan bíi mìlímítà 10 lọ. Pẹlẹbẹ 3 tàbí 5 ṣì máa ṣẹ́ díẹ̀ kù fún rímù láti gbá mú. Tí pẹlẹbẹ bá ti tó 10, ó ti gba gbogbo rẹ̀ tán.

Pẹlẹbẹ 10 ni wọ́n tà fún mi, ẹni tó tà á sì fi dá mi lójú pé kò sí mọ́tò tí kò bá mu. Họ́ọ̀bù mi jẹ́ 60.1, ihò spacer náà ju 70 lọ, etí ìka kékeré mi ń wọ àlàfo tó wà láàárín wọn. Láàárín àdúgbò, mọ́tò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Tó bá ti ń súnmọ́ kìlómítà 90 ní wákàtí kan ni sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n, tó bá fi máa dé 110, ó ti dé ìjókòó. Vókanáísà ṣe balancing, ẹ̀rọ ní òdo ni, ìyẹn pé kò sí ibi tó wúwo jù lára táyà. A dé títì, ó tún ń gbọ̀n. Wọ́n ní táyà ni, mo ra méjì tuntun síwájú, ó ṣì ń gbọ̀n. Kí ẹ mọ ìdí rẹ̀ o: ihò àárín ni ẹ̀rọ balancing fi ń di rímù mú, nítorí náà gbogbo nǹkan máa ṣe rẹ́gí lórí ẹ̀rọ. Lára mọ́tò, kò sí ohun tó gbá ihò yẹn mú mọ́, nọ́ọ̀tì nìkan ló kù. Bí rímù bá wálẹ̀ díẹ̀ kí nọ́ọ̀tì tó mú un, ibẹ̀ náà ló máa wà. Ọjọ́ tí wọ́n yọ pẹlẹbẹ yẹn kúrò ni gbígbọ̀n tán, láìfọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Spacer oníbóòtù tó dára ní orí tirẹ̀ lójú, tí rímù lè gbá mú. Ìwọ̀n méjì ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ olùtà: ti inú, tó gbọ́dọ̀ bá họ́ọ̀bù mu, àti ti orí ìta, tó gbọ́dọ̀ bá ihò rímù yín mu. Rímù tí kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò sábà máa ń ní ihò tó fẹ̀ jù, bíi 73.1, ẹ máa nílò òrùka tó dí àlàfo náà. Olùtà tí kò bá lè dárúkọ ìwọ̀n méjèèjì, ẹ máa bá tiyín lọ. Pẹlẹbẹ tó lórí náà wà, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹ ó tún ra bóòtù gígùn sí i.

Ọ̀rọ̀ bóòtù nìyẹn. Ẹ̀yà bóòtù tó wọnú nọ́ọ̀tì kò gbọ́dọ̀ dín ju ìbú bóòtù fúnra rẹ̀ lọ. Fún M12 oní-1.5 (ìbú mìlímítà 12, tí ìyípo kan jẹ́ mìlímítà 1.5), mìlímítà 12 nìyẹn, ìyípo 8. Pẹlẹbẹ 5 nìkan ti jẹ ju ìyípo 3 lọ nínú rẹ̀. Ẹ ka ìyípo nígbà tí ẹ bá ń dè é lọ́wọ́, kí ẹ tó mú spánà. BMW àti Mercedes tí ń lo bóòtù láìsí nọ́ọ̀tì, bí spacer bá ṣe nípọn sí ni bóòtù gbọ́dọ̀ gùn sí. Tó bá gùn jù, ó lè kan nǹkan lẹ́yìn họ́ọ̀bù.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Àlúmíníọ́mù 6061-T6 (orúkọ irú kan tó lágbára) ni kí ẹ rà, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ dà sínú àpẹẹrẹ. Ẹ má to spacer méjì lé ara wọn. Ẹrù á pọ̀ sí i lórí bẹ́ríǹ, sítíárìn á sì máa fà díẹ̀ nínú kòtò, yálà spacer ni ẹ lò àbí rímù offset kékeré. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà kúrò lójú họ́ọ̀bù dáadáa.

Oníbóòtù náà ní àbùkù tirẹ̀. Ó ṣòro kó tín-ín-rín ju 20 lọ, àwọn kan dé 15, ṣùgbọ́n bóòtù họ́ọ̀bù lè yọ kọjá ojú wọn, a fi kí ẹ̀yìn rímù ní ihò tó máa gbà á. Nọ́ọ̀tì inú fara pamọ́, ẹ ò lè yẹ̀ ẹ́ wò láìtú táyà.

Bí ẹ bá lówó rẹ̀, rímù tó ní offset tó yẹ kò fi ohunkóhun kún àárín, kò sì sí nọ́ọ̀tì tí ẹnikẹ́ni máa gbàgbé. Ẹni tó fẹ́ràn rímù tó wà lára mọ́tò rẹ̀, tó sì kàn fẹ́ mìlímítà 3 sí 5, kí bíréèkì má bàa fi ara kan rímù, pẹlẹbẹ tó o, bí ìyípo bá pé. Láti 15 lọ sókè, oníbóòtù tó lórí ni màá rà. Òun ló wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò mi báyìí, mo dé 120 pẹ̀lú rẹ̀, sítíárìn ò mira. Lẹ́yìn kìlómítà 50 sí 100, ẹ tú táyà, kí ẹ fi spánà torque (èyí tí ń wọn bí nọ́ọ̀tì ṣe fún tó) yẹ nọ́ọ̀tì inú wò, ní iye tí ìwé mọ́tò yín bá kọ, kí ẹ tó de táyà padà.