Ẹ ṣọ́ra fún “Dókítà” tó ń ta oògùn etí ológbò lórí WhatsApp

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ológbò, pàápàá ẹ̀yin tí tiyín ti darúgbó tàbí tó ní àìsàn tí kò lọ bọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. ₦18,500 ni mo san. Owó yẹn kọ́ ló ń dùn mí.

Sísí, ológbò mi, ti pé ọmọ ọdún 12. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti sọ fún wa pé kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ẹni tó bá mọ àìsàn yìí mọ bó ṣe ń rí: omi ni yóò máa mu ṣáá, ìtọ̀ ni yóò máa tọ̀, ara á sì máa joro. À ń ṣọ́ oúnjẹ rẹ̀, à ń gbé e lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ayé ń lọ. Àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í họ etí ọ̀tún lọ́sàn-án lóru, tó ń gbọn orí bí ẹni tí eṣinṣin kó sí létí. Mo yẹ inú etí náà wò, mo rí ìdọ̀tí dúdú bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí. Òórùn rẹ̀ dà bí ògì tó ti kan jù.

Ó yẹ kí n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀nà jìn, epo wọ́n, ẹnì kan sì ti fi nọ́ńbà “Dókítà” kan ránṣẹ́ sínú gúrúùpù wa. “Dókítà” náà ní kí n ya fọ́tò etí náà, kí n ya ti odindi Sísí náà mọ́ ọn. Kò tó ìṣẹ́jú méjì tó fi dáhùn: kòkòrò etí ni. Mo sọ fún un, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀mejì, pé kíndìnrín ń dà á láàmú. Ẹ gbọ́ èsì rẹ̀: “Mọ́mì, ewé àti egbò lásán ni. Kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Ọmọ tuntun gan-an lè lò ó.” Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Ìgò kékeré ni ọlọ́kadà gbé wá. Wọ́n lẹ bébà aláwọ̀ ewé yí i ká, wọ́n ya ológbò àti ewé sí i lára. Kò sí nọ́ńbà NAFDAC, kò sí orúkọ ilé iṣẹ́, kò sí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Nọ́ńbà fóònù nìkan ló wà níbẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀ o. Mo ṣì kán an, ẹ̀kán mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo jí, mo rí Sísí lẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ omi rẹ̀. Orí rẹ̀ ti tẹ̀ sí apá ọ̀tún. Ó fẹ́ dìde, ó yí po bí ẹni tó mu ẹmu yó, ó ṣubú. Ẹyinjú rẹ̀ ń sáré síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò dúró sójú kan. Ó bì. Èmi náà bú sẹ́kún.

Mo gbé e dé ilé ìwòsàn ẹranko, mo sì mú ìgò náà dání. Dókítà tó rí wa kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fi èékánná họ etí bébà aláwọ̀ ewé yẹn títí ó fi ṣí. Bébà mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, funfun, tó ti ya díẹ̀: gentamicin, oògùn tí ènìyàn ń kán sójú. Èyí tí ẹ máa rà ní kẹ́mísì àdúgbò yín ní owó pọ́ọ́kú.

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí. Oògùn yìí ní ìlò tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè ba inú lọ́hùn-ún etí jẹ́, níbi tí ẹranko fi ń gbọ́ràn tó sì fi ń dúró ṣinṣin, bí awọ ìlù etí bá ti lu. Awọ ti Sísí ti lu. Ó ṣeé ṣe kó ti lu kí n tó kán ohunkóhun sí i. Ìdí gan-an nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ tan iná wo inú etí kí wọ́n tó yan oògùn. Fọ́tò ò lè fi í hàn. Kíndìnrín sì tún ni oògùn yìí kan náà máa ń bá jà tó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ìyẹn ni wọ́n fi tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lọ́jọ́ náà.

Èyí tó wá mú mi rẹ́rìn-ín ìbànújẹ́ ni pé wọ́n fi òwú mú ìdọ̀tí etí náà, wọ́n fi pa ara gíláàsì, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ maikirosikópù. Kò sí kòkòrò kankan. Ohun tó wà níbẹ̀ jẹ́ ohun tín-ín-tín kan tó jọ ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, gentamicin kì í sì í pa irú rẹ̀. Nítorí náà, ká ní ó tiẹ̀ bá a lára mu, kò ní wò ó sàn.

Ẹ̀yin tí ológbò yín ní àtọ̀gbẹ, ẹ fetí sílẹ̀ níbí: ọ̀pọ̀ oògùn etí ló ní dexamethasone (oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀) tàbí ẹbí rẹ̀ nínú, ó sì lè gbé ṣúgà wọn sókè. Ẹni tó bá ta ìgò tí kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, kò fún yín láǹfààní àtimọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni, ẹ má tìtorí ìrora fún ológbò yín ní parasitamọ́ọ̀. Ó ń pa ológbò.

Nígbà tí mo pe “Dókítà”, ó ní mi ò lò ó dáadáa. Mo ní kó sọ nọ́ńbà tí ìgbìmọ̀ dókítà ẹranko fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi, ó sì búlọ́ọ̀kì mi. Mo ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sun NAFDAC, mo ti fún báńkì mi ní nọ́ńbà àkántì rẹ̀, ìgò náà sì wà lọ́wọ́ mi.

Sísí ti ń jẹun. Ó ń rìn, kò ṣubú mọ́, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ṣì tẹ̀, tí mo bá sì pè é láti apá ọ̀tún, apá òsì ló ń wò.

Lánàá ni mo fi fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ojú ìwé ọkùnrin yẹn. Ó ti yí orúkọ padà. Ó gbé fọ́tò méjì síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, “kó tó lò ó” àti “lẹ́yìn tó lò ó”. Ológbò dúdú tó wà lápá òsì, tí etí ọ̀tún rẹ̀ dọ̀tí, tó jókòó sórí àga pupa, Sísí ni. Àga parlọ̀ mi nìyẹn. Ti apá ọ̀tún ní ẹsẹ̀ funfun méjì. Sísí ò ní ẹsẹ̀ funfun.