Ojúde ẹ̀yìn ilé wa ní Àjàṣẹ́: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, ilé oúnjẹ àti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n máa ń bi mí, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ibi téèyàn lè jókòó sí láìyọ fúráǹkì kan. Èmi ní ọ̀kan. Ojúde kan ni, lẹ́yìn ilé wa gan-an, irú èyí tí àwọn Ègùn ń pè ní honto, tí agbo ilé mélòó kan yí ká, ojúbọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ mọ iṣẹ́ tí Ouadada, ẹgbẹ́ àṣà kan níbí, ti ń ṣe láti tún àwọn ojúde àtijọ́ ṣe nínú ìlú, tiwa ò sí lára ẹ̀ o, àdúgbò ló rí tàwọn ẹlòmíì tó sì wù wọ́n, wọ́n bá dá owó, wọ́n ra pavé, òkúta tí wọ́n ń tẹ́ sílẹ̀, wọ́n fi amọ̀ mọ bẹ́ńṣì mẹ́rin, wọ́n kun ògiri ní pupa.

Ní búfẹ́ẹ̀tì, ilé ọtí wa níbí, kí ìdí ẹ tó kan àga ni ọmọ yẹn á ti dúró sí ẹ lórí, kí lẹ máa mu, tó o bá sì fi ẹlẹ́rìndòdò kan jókòó wákàtí méjì, á máa nu tábìlì ẹ bíi kó o dìde. Ibí yìí, rárá o. Bàbá kan tó ń ránṣọ tẹ́lẹ̀ máa ń gbé ọpọ́n ayò ẹ̀ jáde ní ìrọ̀lẹ́, ihò kan lára ọpọ́n yẹn ti ya, ìda ni wọ́n fi dí i. Lọ́jọ́ kan zémìjan kan, ìyẹn ọlọ́kadà, ń bá a ta, oníbàárà dé, ó ní ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ wá ọ̀kadà mìíì, Bàbá sì ti jẹ mẹ́ta tán kó tó yíjú padà. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀pẹ ni, kò mọ ayò ta, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó tún un sọ ní Ègùn kí àwọn tó kù lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ló jẹ́ kí n kọ èyí gan-an. Wọ́n ti Kétu wá láìsọ tẹ́lẹ̀, fóònù mi ti kú, mo wà níbi iṣẹ́. Nígbà tí mo máa fi dé ní aago méje, Màmá ti jẹ ẹ̀kọ pẹ̀lú àkàrà, wọ́n ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ ojúde, adìyẹ tí wọ́n gbé wá fún mi ti já okùn, àwọn ọmọ sì ti lé e mú lẹ́ẹ̀mejì. Ọgbà Jardin des Plantes, tó jẹ́ igbó ọba kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ní 1895, ó dáa, ó ní ìrókò, ó tutù, mo fẹ́ràn ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi gba àlejò níbẹ̀?

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: kò sí ṣáláńgá. Àlejò á máa lọ bẹ ilé onílé kiri, ojú á tì í. Iná sólà náà ti kú, ẹni tó sọ pé òun máa tún un ṣe gba owó, a ò rí i mọ́, àwọn ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé lábẹ́ ẹ̀ wá ń fi fóònù ìyá wọn tàn. Òkú ṣíṣe tún wà ńbẹ̀: láti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ti máa ta bàṣì, ìyẹn tapólì, bo gbogbo ẹ̀, gbohùngbohùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Mo bínú lóṣù tó kọjá, mo ní mo máa lọ bá wọn jà, bí mo ṣe jáde báyìí ni wọ́n gbé ìrẹsì fún mi, mo jókòó, mo jẹun.

Ẹ wá ní nǹkan bí aago márùn-ún, pavé yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án. Bẹ́ńṣì tó kọjú sí ògiri pupa, ẹ má jókòó síbẹ̀ o, ti Bàbá ni.